Dẹ́ẹ̀kì Méjì fún Ètò Rédíò Ẹgbẹ́ Yín

Ẹgbẹ́ tó bá ní ètò rédíò, ìbáà jẹ́ ti àgbẹ̀, ti ọlọ́jà tàbí ti òbí àti olùkọ́, ìdákẹ́jẹ́ ni ọ̀tá rẹ̀. Bí orin bá parí tí atọ́kùn ètò ṣì ń wá èyí tó kàn, ẹni tó ń gbọ́ á rò pé rédíò òun ló bàjẹ́, á sì yí i síbòmíràn. Torí èyí ni wọ́n ṣe ń lo dẹ́ẹ̀kì méjì, ìyẹn ibi méjì tí a ti ń mú orin tàbí ọ̀rọ̀ dún. Nígbà kan, àwo méjì ló ń yí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ó di kásẹ́ẹ̀tì, ó di síídì. Inú kọ̀ǹpútà ni dẹ́ẹ̀kì méjèèjì wà báyìí, àmọ́ iṣẹ́ wọn ò yí padà: bí ọ̀kan ṣe ń dún lọ́wọ́, èkejì ti wà ní ìmúrasílẹ̀, bí alágbàṣe méjì tó ń gba ọkọ́ lọ́wọ́ ara wọn.

Mixxx, áàpù kọ̀ǹpútà kan tó ní irú dẹ́ẹ̀kì bẹ́ẹ̀, la ó fi ṣàpẹẹrẹ. Ọ̀fẹ́ ni, ó ń ṣiṣẹ́ lórí Windows, macOS àti Linux, òun fúnra rẹ̀ sì lè gbé ètò yín sórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ohun tí ẹ ó rí lójú rẹ̀

Dẹ́ẹ̀kì 1 wà lápá òsì, dẹ́ẹ̀kì 2 lápá ọ̀tún. Ìlà kan wà tó ń gòkè tó ń sọ̀kalẹ̀ bí ohùn bá ṣe ga sí. Ibi tó bá ti tẹ́ pẹrẹsẹ, kò sí ohùn níbẹ̀. Ẹ máa wo ìparí rẹ̀ dáadáa, òun ni yóò sọ fún yín bóyá ńṣe ni orin náà máa já lójijì tàbí yóò máa rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Crossfader ni ọ̀pá tó dùbúlẹ̀ láàárín: tó bá wà lósì, dẹ́ẹ̀kì 1 nìkan ló ń jáde, tó bá wà lọ́tùn-ún, dẹ́ẹ̀kì 2. Lójú tèmi, ẹ fi í sílẹ̀ sáàárín gbùngbùn, kí ẹ máa fi ọ̀pá ohùn tí dẹ́ẹ̀kì kọ̀ọ̀kan ní ṣiṣẹ́. Ètò ọ̀rọ̀ lẹ ń ṣe, ẹ kì í ṣe DJ òde ijó.

Hẹ́dìfóònù ṣe pàtàkì ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ. Òun lẹ ó fi gbọ́ dẹ́ẹ̀kì 2 kí aráyé tó gbọ́ ọ. Ojú ihò kan ṣoṣo tó wà lára kọ̀ǹpútà alágbèéká kì í sábà tó. Ẹ wá káàdì ohùn USB tó ní ọ̀nà àbájáde méjì, ọ̀kan fún afẹ́fẹ́, ọ̀kan fún etí yín.

Ká mú un ṣe

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹ fi fóònù gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu àgbà àgbẹ̀ kan lórí bí a ṣe ń tọ́jú irè oko. Ẹ fi orin ìṣíde sí dẹ́ẹ̀kì 1, ẹ fi ọ̀rọ̀ bàbá sí dẹ́ẹ̀kì 2. Irú ohùn bẹ́ẹ̀ kì í ṣàìní ikọ́ díẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, àti "ṣé ó ti ń gbà á?" Ẹ má jẹ́ kí ìyẹn jáde. Ẹ fi hẹ́dìfóònù wá ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ gan-an, ẹ dá a dúró, kí ẹ tẹ bọ́tìnnì CUE níbẹ̀, ibẹ̀ ni yóò dúró sí dè yín.

Ohùn tí a fi fóònù gbà sábà máa ń rẹlẹ̀ ju orin lọ. Ẹ fi gain, bọ́tìnnì tí a ń yí láti fi kún agbára ohùn, gbé e sókè ṣáájú ètò, kí ẹ máa wo iná ìwọ̀n ohùn. Àwọ̀ ewé dára, àwọ̀ ìyeyè lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kò burú. Tó bá ti ń pupa, ohùn ti ń fọ́ nìyẹn, kò sì sí bí olùgbọ́ ṣe lè dín ti rédíò rẹ̀ kù tí yóò tún un ṣe.

Bí orin ìṣíde bá ti ń lọ, ẹ rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, ẹ kí àwọn olùgbọ́, ẹ dárúkọ bàbá, ẹ tẹ dẹ́ẹ̀kì 2, kí ẹ wá máa fa dẹ́ẹ̀kì 1 wálẹ̀ jẹ́jẹ́ títí yóò fi dákẹ́. Orin tí kò ní ohùn akọrin ló dára lábẹ́ ọ̀rọ̀. Ẹnu méjì kì í gún létí lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ ṣọ́ra fún bọ́tìnnì SYNC. Orin ijó ló wà fún, kí ìlù méjì lè máa rìn pọ̀. Tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ lórí ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, ó lè sún ọ̀rọ̀ bàbá sáré tàbí kó fà á lẹ́lẹ́.

Auto DJ, tó ń fi fáìlì tẹ̀ lé fáìlì fúnra rẹ̀, wúlò bí atọ́kùn bá fẹ́ jáde díẹ̀. Ó máa ń fi ìparí fáìlì kan lé ìbẹ̀rẹ̀ òmíràn; tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ló wà níbẹ̀, ẹ dín ìṣẹ́jú àáyá rẹ̀ sí 0, kí orin má bàa gun gbólóhùn ìkẹyìn lórí.

Gbígbé e jáde

Nínú Preferences (ibi ètò ìlò Mixxx), ẹ lọ sí Live Broadcasting. Ẹ ó kọ àdírẹ́sì sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń pín ètò yín fún àwọn olùgbọ́, nọ́ńbà port, ìyẹn ẹnu ọ̀nà rẹ̀ (8000 ni Icecast, áàpù sáfà kan, máa ń lò bí ẹnikẹ́ni ò bá yí i), mount, ìyẹn orúkọ àyè ètò yín lórí sáfà, àti ọ̀rọ̀ aṣínà tí ẹni tó ni sáfà fún yín. Ní 128 kbps (ìwọ̀n dátà tó ń lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan), wákàtí kan á jẹ nǹkan bíi 58 MB dátà. Ní 64 kbps, bíi 29 MB. Olùgbọ́ kọ̀ọ̀kan náà á ná iye kan náà, nítorí náà 64 tó fún ètò ọ̀rọ̀. Tó bá jẹ́ FM lẹ fẹ́ lò, ẹ gba ìwé àṣẹ ìjọba kí ẹ tó tan ohunkóhun.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ pa gbogbo ohùn ìfitónilétí lórí kọ̀ǹpútà, ẹ má sì jẹ́ kó lè sùn fúnra rẹ̀. Ẹ tẹ bọ́tìnnì ìgbohùnsílẹ̀ pẹ̀lú. WAV á gba nǹkan bíi 635 MB ní wákàtí kan. Bí àyè ò bá tó, ẹ yan MP3. Lẹ́yìn ètò, ẹ má tíì pa ọ̀rọ̀ bàbá rẹ́ lórí fóònù títí ẹ ó fi gbọ́ ohun tí kọ̀ǹpútà gbà.