Bí mo ṣe yan pikọ́ọ̀pù tó ń fa ẹ̀rọ àgbàdo mi ní Kétu

Yíyín àgbàdo ni iṣẹ́ mi ní Kétu, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Bí àgbàdo bá ti gbẹ lóko, ní nǹkan bí oṣù Kẹjọ àti ní ìparí ọdún, àwọn àgbẹ̀ á ránṣẹ́ pè mí láti Ìdìgní, láti Ìlárá, láti ọ̀nà Pobẹ̀, èmi náà á sì fa ẹ̀rọ lọ bá wọn. Ẹ̀rọ ọ̀hún ní ẹ́ńjìnnì tirẹ̀, ó jókòó lórí rẹmọ́ọ̀kì onítáyà méjì, ṣùgbọ́n kò lè dá rìn. Ọkọ̀ ló ń fà á.

Ní oṣù Kìíní ọdún tó kọjá, mò ń ti Ìdìgní bọ̀ pẹ̀lú ọkọ̀ ògbólógbòó tí mo ní nígbà náà. A dé ibi tí ọ̀nà ti dà gẹ̀ẹ̀rẹ̀ sísàlẹ̀. Mo tẹ bíréèkì, ọkọ̀ fẹ́ dúró, ẹ̀rọ kò gbà. Ó ń tì wá láti ẹ̀yìn. Rẹmọ́ọ̀kì bẹ̀rẹ̀ sí í ju ìdí sọ́tùn-ún, ó ń jù ú sósì, ó sì ń gbé ìdí ọkọ̀ lọ pẹ̀lú ara rẹ̀. Táyé ọmọ mi jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Inú koríko ẹ̀bá ọ̀nà la dúró sí, a dúpẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò farapa, ṣùgbọ́n oúnjẹ kò gba ọ̀nà ọ̀fun mi kọjá lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ìyá Ìbejì kò bá mi jà. Gbólóhùn kan ṣoṣo ló sọ: "Bàbá Ìbejì, ẹ má fi ọkọ̀ yìí gbé ọmọ mi mọ́."

Ọkọ̀ tí mo wá fẹ́ rà gbọ́dọ̀ ṣe iṣẹ́ méjì, torí owó ọkọ̀ méjì kò sí. Ó gbọ́dọ̀ fa ẹ̀rọ ní àsìkò àgbàdo. Lójoojúmọ́, òun náà ni yóò gbé àwọn ọmọ mẹ́rin lọ sílé ẹ̀kọ́, tí yóò gbé ẹrù Ìyá Ìbejì lọ sọ́jà, tí yóò sì gbé ìyá mi lọ rí dókítà, ẹ̀yìn ìyá mi kò sì fẹ́ ìgbọ̀nrìrì. Gásúwáàlì, ìyẹn dísù, ni mo fẹ́ kó máa mu, torí ẹ́ńjìnnì gásúwáàlì ní agbára láti ìsàlẹ̀, kò dìgbà tó bá ké kó tó gbé ẹrù gun òkè.

Ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé Kútọnu ti ní ìdáhùn lọ́wọ́ kí n tó bi í. "Àbúrò, ti Amẹ́ríkà ni kí o rà. Èyí tó lè fa ilé kúrò lórí ìpìlẹ̀." Ohun tí èmi náà ń fẹ́ nínú ọkàn mi nìyẹn. Ẹni tí rẹmọ́ọ̀kì bá ti tì bó ṣe tì mí yẹn, ọkọ̀ tó tóbi jù lọ ló máa wù ú.

Mẹ́káníìkì mi, tí gbogbo wa ń pè ní Pátírọ́ọ̀, ló dá mi dúró. Ó ní, "Ẹ̀rọ yín yẹn, kílò mélòó ni?" Mo ní bóyá tọ́ọ̀nù kan. Ó ní òun kò lè bá mi wá ọkọ̀ tí yóò fa bóyá, pé kí n lọ wọ̀n ọ́n.

Mo lọ wọ̀n ọ́n. Mo sanwó fún ilé iṣẹ́ kan tó ní òṣùwọ̀n tí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ń gùn, mo gbé ẹ̀rọ nìkan lé e: 1,360 kílò. Mo tún un wọ̀n pẹ̀lú gbogbo ohun tí mo máa ń dì sí i, àpótí irinṣẹ́, kẹ́ẹ̀gì epo méjì, táyà àfipamọ́, tapólì: 1,580. Nǹkan tí mo ń pè ní tọ́ọ̀nù kan fi díẹ̀ dín ní ẹgbẹ̀ta kílò ju tọ́ọ̀nù kan lọ, ọdún mẹ́fà sì ni mo ti ń fà á kiri.

Pátírọ́ọ̀ ní iṣẹ́ kù. Ó fẹ́ mọ bí ẹnu rẹmọ́ọ̀kì, ibi tó ń kọ́ ọkọ̀ lẹ́yìn, ṣe ń tẹ ọkọ̀ mọ́lẹ̀ tó. Àwọn tó ń ra àgbàdo lọ́jà wa ní básíkù tí wọ́n fi ń wọn àpò. A yá ọ̀kan, a wá ilẹ̀ tó tẹ́jú, a gbé ẹnu rẹmọ́ọ̀kì lé e ní gíga tó máa ń wà lẹ́yìn ọkọ̀. Ọgbọ̀n kílò péré ni! Àpótí irinṣẹ́ àti epo tí mo máa ń dì sí ìdí rẹmọ́ọ̀kì ló ń gbé ẹnu rẹ̀ sókè. Rẹmọ́ọ̀kì tí ìdí rẹ̀ bá wúwo báyìí, bó bá ti sáré díẹ̀, tàbí tó ń sọ̀ kalẹ̀, yóò máa jùdí. Àwọn ará Amẹ́ríkà ń kọ́ni pé kí ẹnu rẹmọ́ọ̀kì gbé ìdá mẹ́wàá ìwúwo rẹ̀ ó kéré tán. Àwọn ará Yúróòpù gbà kó dín sí i, ṣùgbọ́n ọgbọ̀n kílò nínú 1,580 kéré jù. A kó àpótí àti táyà àfipamọ́ wá síwájú, básíkù kà 160. N kò tíì ra ọkọ̀, mo ti rí ìdajì ohun tó fẹ́ pa èmi àti ọmọ mi.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń fa ẹ̀rọ gàrí, ẹ̀rọ omi tàbí jẹnẹrétọ̀, owó òṣùwọ̀n kò tó owó táyà kan.

Síbẹ̀ mo lọ wo ti Amẹ́ríkà. Ní páàkì ọkọ̀ tòkúnbọ̀ ní Kútọnu, mo rí ọ̀kan tó jẹ́ ti 2012, ẹ́ńjìnnì lítà 6.7. Ford F-250, Ram 2500 àti Silverado 2500 ni irú wọn, wọ́n sì lágbára lóòótọ́. Agbára ìyípo ẹ́ńjìnnì èyí tí mo rí lé ní 1,000 Nm, ó sì lè fa ohun tó lé ní 5,000 kílò. Mo jókòó sínú rẹ̀, mo di ọwọ́ ìtọ́kọ̀ mú, inú mi dùn.

Ìgbà tí mo ka ohun tó wà lára ilẹ̀kùn rẹ̀ ni mo rọra sọ̀ kalẹ̀. Ìwúwo tí ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀ lè ní pẹ̀lú ẹrù lé ní 4,500 kílò. Ìwé àṣẹ ìwakọ̀ B tí èmi ní kò kọjá 3,500. N kò lè fi í gbé ọmọ lọ sílé ẹ̀kọ́ láì rú òfin, kódà bí kò sí rẹmọ́ọ̀kì lẹ́yìn rẹ̀. Ilé wa kò sì jìnnà sí Àkábà Ìdènà, ẹnu ibodè àtijọ́ ìlú Kétu. Àwọn ọ̀nà àdúgbò yẹn ti wà kí ọkọ̀ tó dé ilẹ̀ wa. Ọkọ̀ ọ̀hún fẹ̀ ju mítà méjì lọ láì ka dígí ẹ̀gbẹ́, ẹnu ọ̀nà àgbàlá wa sì jẹ́ mítà méjì àti díẹ̀.

Ọ̀rọ̀ epo ló wá parí rẹ̀. Láti 2006 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ta gásúwáàlì tí imí ọjọ́ inú rẹ̀ kò ju 15 nínú mílíọ̀nù lọ ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì ṣe àwọn ọkọ̀ tó tẹ̀ lé e fún epo yẹn: fíltà wà nínú ẹ̀sóòsì wọn tó ń gba èéfín dúdú, òmíràn tún ń mu AdBlue, omi tí wọ́n fi ń fọ èéfín. Àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS fẹnu kò sí 50 fún gásúwáàlì tí wọ́n bá ń kó wọlé láti 2021. Èyí tí wọ́n sì ń tà nínú kẹ́ẹ̀gì lẹ́bàá ọ̀nà ńkọ́? Kò sẹ́ni tó ń wọ̀n ọ́n. Pọ́ǹpù Bosch CP4 tún wà nínú púpọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ náà láti 2011, gásúwáàlì tó ń gba inú rẹ̀ kọjá náà ló ń mú un yọ̀. Bí omi tàbí kẹrosín-ìn bá dà pọ̀ mọ́ epo, irin á máa ha irin, èérún irin á bá epo dé gbogbo ínjẹ́kítọ̀, àtúnṣe rẹ̀ sì lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó ọkọ̀ mìíràn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi, mo ní kí wọ́n má bínú.

Èyí tí ọkàn mi fà sí jù lọ ni Land Cruiser 79, èyí tó ní ẹ́ńjìnnì 1HZ. Lítà 4.2, sílíńdà mẹ́fà, kò ní tọ́bò, kọ̀ǹpútà kò sí nídìí pọ́ǹpù rẹ̀. Agbára ìyípo rẹ̀ jẹ́ 285 Nm péré, ṣùgbọ́n irin rẹ̀ nípọn, ó sì ń fara da epo tí kò dára ju àwọn ti òde òní lọ. Ká ní ẹrù nìkan ni mò ń gbé, òun ni ǹ bá rà. Owó tí wọ́n pè é ju ìlọ́po méjì ohun tó wà lọ́wọ́ mi lọ, ìjókòó rẹ̀ sì jẹ́ ìlà kan ṣoṣo. Mo rò ó pé kí n gbé ìyá mi sínú rẹ̀ dé Pobẹ̀, mo sì pa á tì.

Ó wá ku Hilux. Èyí tí a rí jẹ́ ti 2013, dọ́bù kàbíìnì onílà ìjókòó méjì, kátìkátì tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà, jíà alọ́wọ́, ẹ́ńjìnnì lítà 3.0 tí wọ́n ń pè ní 1KD. 343 Nm ni agbára ìyípo rẹ̀. Láti Jámánì ló ti wá, ìwé tó bá a wá sì sọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi rí. Lórí ìlà O.1, ó kọ 2,500. Lórí ìlà O.2, ó kọ 750. Pátírọ́ọ̀ túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Ìlà àkọ́kọ́ ni ìwúwo tí ọkọ̀ lè fà bí rẹmọ́ọ̀kì bá ní bíréèkì tirẹ̀. Ìkejì ni èyí tó lè fà bí kò bá ní.

Rẹmọ́ọ̀kì mi kò ní bíréèkì rí láti ọjọ́ tí mo ti rà á.

Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ìwé yẹn lọ́wọ́. Ọkọ̀ tuntun kọ́ ló máa yanjú ọ̀rọ̀ mi tán, bó ti wù kó tóbi tó. Kílò 1,580 tí kò ní bíréèkì yóò máa ti ẹnikẹ́ni tó bá wà níwájú rẹ̀. Nítorí náà mo yọ owó bíréèkì rẹmọ́ọ̀kì sọ́tọ̀ nínú owó ọkọ̀ kí a tó dúnàádúrà.

Nígbà tí a kọ́kọ́ dé ibẹ̀, Pátírọ́ọ̀ fi ọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì kó tó kí ẹni tó ń tà á tán. Ó ti gbóná. Wọ́n ní àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ sún ọkọ̀ nípò ni. A kò bá wọn jiyàn, a sùn sílé ẹ̀gbọ́n mi, a sì padà débẹ̀ lówùúrọ̀ kùtù kí wọ́n tó ṣí páàkì. Ẹ́ńjìnnì gásúwáàlì tó ti gbó máa ń fi ara hàn nígbà tó bá tutù: á pẹ́ kó tó jí, á tú èéfín funfun jáde, kò sì ní tètè dáwọ́ dúró. Èyí jí lẹ́ẹ̀kan. Pátírọ́ọ̀ ṣí ìdérí ibi tí a ń da ọ́ìlì sí nígbà tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, ó wò ó bóyá afẹ́fẹ́ ń tú jáde níbẹ̀ pẹ̀lú ipá, torí bó bá ń tú, ríńgì písítìnnì ti jẹ. Ó wo omi rédíétọ̀ bóyá ó ń hó kẹ́kẹ́. Ó wá wọ abẹ́ ọkọ̀, ó fi òòlù kékeré kan gbogbo ara férémù, torí iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú ọ̀nà nígbà yìnyín lọ́hùn-ún máa ń jẹ irin láti inú wá. Ibi kan dún kẹ̀kẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà ẹ̀yìn òsì. A fi ibẹ̀ dúnàádúrà.

Mílíọ̀nù mẹ́jọ ààbọ̀ sẹ́fà la parí ẹ̀ sí.

Ohun kan wà tí àwọn tó mọ 1KD dáadáa máa ń bẹ̀rù: àwọn òrùka bàbà kékeré tó wà lábẹ́ ínjẹ́kítọ̀. Bí wọ́n bá ti ń jò, èéfín á máa wọ inú ọ́ìlì, á sọ ọ́ di èédú, èédú yẹn á lọ dí asẹ́ tó wà nísàlẹ̀ ibi tí pọ́ǹpù ti ń fa ọ́ìlì. Ẹ́ńjìnnì á kú nígbà tí ẹnikẹ́ni kò retí. Kí a tó fi ọkọ̀ náà ṣe ohunkóhun, Pátírọ́ọ̀ tú àwo ọ́ìlì rẹ̀, ó fọ asẹ́ náà, ó sì pààrọ̀ òrùka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Asẹ́ ti dí díẹ̀.

Bíréèkì rẹmọ́ọ̀kì gba ọ̀sẹ̀ méjì. Irú èyí tó ń fi agbára ẹrù fúnra rẹ̀ ṣiṣẹ́ ni: bí ọkọ̀ bá dẹ̀rìn, tí rẹmọ́ọ̀kì sì fẹ́ tì í, ọ̀pá ẹnu rẹ̀ á wọ inú, á fa okùn irin, okùn á di táyà mú. Bọ́ọ̀lù irin ẹ̀yìn ọkọ̀, tí ẹnu rẹmọ́ọ̀kì ń kọ́, jẹ́ mílímítà 50. Ẹnu rẹmọ́ọ̀kì mi àtijọ́ jẹ́ ti Amẹ́ríkà, 50.8. Ìyàtọ̀ náà kéré lójú, ṣùgbọ́n ẹnu tó fẹ̀ ju bọ́ọ̀lù lọ lè fò yọ lójú ọ̀nà tó rí pálapàla, nítorí náà a pààrọ̀ rẹ̀. Àwo tó wà lára irin bọ́ọ̀lù sì sọ pé ẹnu rẹmọ́ọ̀kì kò gbọdọ̀ tẹ̀ ẹ́ ju 120 kílò lọ. A tún yá básíkù, a sún àpótí irinṣẹ́ sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ títí ó fi kà 115. Mo fi ọ̀dà funfun sàmì sí ibi tí àpótí ń jókòó, kí ọmọ iṣẹ́ má baà gbé e síbòmíràn.

Ìwé àṣẹ E, ti rẹmọ́ọ̀kì tó ju 750 lọ, ni mò ń kọ́ lọ́wọ́ báyìí. Kí n tó gbà á, awakọ̀ kan tó ní tirẹ̀ ló ń bá mi wà á nígbà tí ẹ̀rọ bá wà lẹ́yìn.

Lójoojúmọ́, ó ń mu nǹkan bí lítà mẹ́wàá fún 100 kìlómítà. Bó bá ń fa ẹ̀rọ, ó ń tó mẹ́rìnlá. Bí ẹ̀yìn rẹ̀ bá ṣófo, ó ń fò lórí gegele, torí sípíríǹgì ẹ̀yìn rẹ̀ ń retí ẹrù. Mo ń gbé àpò iyanrìn méjì sí i bí ìyá mi bá máa wọ̀ ọ́, mo sì dín afẹ́fẹ́ táyà ẹ̀yìn kù díẹ̀. Ìyá mi ní ó sàn. Ilé epo nìkan ni mo ti ń rà, láràárọ̀ Sátidé ni mo sì ń tú omi ìsàlẹ̀ fíltà gásúwáàlì sínú ìgò. Ìgò náà kì í fi bẹ́ẹ̀ ní omi, àfi lẹ́ẹ̀kan tí mo ra epo nígbà òjò.

Ní oṣù Kẹjọ, a fa ẹ̀rọ lọ sí Ìdìgní fún ìgbà àkọ́kọ́. Mo jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀. Nígbà tí a dé ibi tó dà gẹ̀ẹ̀rẹ̀ yẹn, ó bọ́ sí jíà kejì, mo sì ń gbọ́ bí ọ̀pá ẹnu rẹmọ́ọ̀kì ṣe ń wọlé, kè, tí táyà rẹ̀ ń di ara rẹ̀ mú. Ní ìsàlẹ̀, mo ní kó dúró. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo fi sípánà gba gbogbo nọ́ọ̀tì irin bọ́ọ̀lù yíká, bí Pátírọ́ọ̀ ṣe ní kí n ṣe lẹ́yìn ìrìn àjò àkọ́kọ́. Méjì ti tú díẹ̀. Mo fún wọn le, mo wọlé padà, a sì gba oko lọ.