Àṣìṣe tá à ń ṣe tá a bá ń fi háàdì gbé iṣẹ́ fídíò lọ sórí kọ̀ǹpútà míì

Lọ́jọ́ kan mo wọ mọ́tò ní Offa Garage níbí ní Ìlọrin, mò ń gbé iṣẹ́ yìgì kan lọ bá ọ̀rẹ́ mi ní Ọ̀fà kó bá mi tún àwọ̀ ẹ̀ ṣe torí kọ̀ǹpútà tiẹ̀ lágbára ju tèmi lọ, bó ṣe ṣí i báyìí ni gbogbo ojú ẹ̀ pọ́n fòò, "Media Offline" látòkè délẹ̀, ìyẹn ni pé kọ̀ǹpútà ò rí fídíò náà. Kí ni mo gbé wá gan-an? Fáìlì .prproj kan ṣoṣo, ìyẹn fáìlì project tí Premiere, ètò tí mo fi ń gé fídíò, máa ń ṣe. Èmi tí mo ti ń fọwọ́ sọ̀yà lójú ọ̀nà pé iṣẹ́ ti wà nínú àpò mi!

Ẹ gbọ́ o, fáìlì project kì í gbé fídíò sínú, àdírẹ́sì ló kọ síbẹ̀, pé fídíò yìí wà lórí dráìfù D nínú fóldà báyìí, gé e láti ibí dé ibí. Tẹ́ ẹ bá gbé àdírẹ́sì lọ sí Ọ̀fà tẹ́ ẹ wá fi ilé sílẹ̀ ní Tankẹ ní Ìlọrin níbí, ta lẹ fẹ́ bá ńlé? Tó bá jẹ́ Premiere lẹ̀ ń lò, Project Manager tó wà lábẹ́ File máa bá yín kó gbogbo ẹ̀ jọ síbì kan. Ti DaVinci Resolve, ètò míì tí wọ́n fi ń gé fídíò, .drp tó jẹ́ fáìlì project tiẹ̀ kì í gbé fídíò, Export Project Archive tó ń ṣe .dra ni kẹ́ ẹ mú. Ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ yé fi orin sílẹ̀ ní Downloads kẹ́ ẹ tún lọ fi fọ́tò ọkọ ìyàwó sí Desktop, orin ló máa ń ṣẹ́kù sílé jù.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe format háàdì tẹ́ ẹ fi ń gbé iṣẹ́ náà, ìyẹn ọ̀nà tí wọ́n fi ṣètò inú ẹ̀ láti gba fáìlì; FAT32, NTFS àti exFAT wà lára ẹ̀. FAT32 kì í gba fáìlì kan tó bá ju 4 GB lọ, ẹ ó kàn máa bú ẹni tó ta flash fún yín ní Taiwo Road pé ayédèrú ni, àyè sì pọ̀ nínú ẹ̀ rẹpẹtẹ. NTFS ńkọ́? Mac máa kà á àmọ́ kò ní lè kọ nǹkan sí i. exFAT ló bá méjèèjì mu, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá kàn fà á yọ láìṣe eject, ìyẹn láìkọ́kọ́ sọ fún kọ̀ǹpútà pé ẹ fẹ́ yọ ọ́, ó lè bàjẹ́, kẹ́ ẹ sì rántí pé format ń pa gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀ rẹ́.

Ẹ fóònù ẹni tẹ́ ẹ̀ ń gbé e lọ bá kẹ́ ẹ tó jáde, Premiere tó ti pẹ́ kì í ṣí iṣẹ́ tí Premiere tuntun ṣe. Fọ́ńtì tẹ́ ẹ fi kọ orúkọ tọkọtaya náà, ẹ mú un dání.

Cut ni kẹ́ ẹ má ṣe láéláé, copy ni, torí tí iná bá lọ láàárín, ìlàjì á wà níbí, ìlàjì á wà lọ́hùn-ún. Tó bá sì ti ṣí lọ́hùn-ún, ẹ wò ó látìbẹ̀rẹ̀ dópin kẹ́ ẹ tó pa ti ilé rẹ́. Èmi o, iṣẹ́ yìgì yẹn ṣì wà lórí láptọ́ọ̀pù mi nígbà tí wọ́n pè mí wá ya ìsọmọlórúkọ wọn.