Bí mo ṣe gbin asunwọ̀n òyìnbó sí ẹ̀yìnkùlé

Ewé asunwọ̀n òyìnbó kò wọ́n ní Ìbàdàn. Ó ń hù sí bèbè odò, etí gọ́tà àti orí ààtàn. Tí òjò bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀ báyìí, òdòdó rẹ̀ yẹ́lò á nàró ṣánṣán bí àbẹ́là, kò sí bí èèyàn ṣe lè kọjá láìrí i. Ìdí tí mo fi gbin tèmi ni pé ewé etí gọ́tà kò wù mí í lọ̀ mọ́ ọṣẹ dúdú fún làpálàpá orí àwọn ọmọ. Ta ló mọ ohun tí wọ́n ti dà sínú omi yẹn?

Ọ̀dọ̀ ìyá kan tó ń ta ewé àti egbò ní ọjà Bódè ni mo gbà lọ.

“Ẹ kú ọjà, Ìyá. Èso asunwọ̀n tó ti gbó ni mo fẹ́, kì í ṣe ewé.”

“Èso kẹ̀? Ta ní ń gbin asunwọ̀n? Ti òyìnbó ni àbí ti ìbílẹ̀?”

Ìbéèrè yẹn tọ̀nà, torí òdòdó yẹ́lò ni àwọn méjèèjì ń yọ. Ara èso ni ẹ ti máa dá wọn mọ̀. Èso ti ìbílẹ̀ rí pẹlẹbẹ. Ti òyìnbó, tó jẹ́ pé ilẹ̀ Amẹ́ríkà tó móoru ló ti wá, ní etí mẹ́rin tó yọ jáde láti òkè dé ìsàlẹ̀. Tó bá gbẹ, á dúdú, bí ẹ bá sì mì ín, ẹ ó gbọ́ hóró tó ń ró nínú rẹ̀. Èso kan ṣoṣo lè ní hóró tó 50, torí náà ẹ má ra púpọ̀.

Ibi hóró yìí gan-an ni iṣẹ́ wà. Èèpo rẹ̀ le débi pé omi kì í tètè wọ inú rẹ̀. Ẹni tó bá kàn fọ́n ọn sílẹ̀ lè retí títí, kí ó má rí nǹkan kan. Sànpépà tí káfíńtà fi ń ha pákó ni mo fi ha etí hóró kọ̀ọ̀kan títí inú rẹ̀ fi hàn fírí, mo wá rẹ wọ́n sínú omi di àárọ̀. Àwọn tó wú ni mo gbìn. Àwọn tí kò wú, mo tún wọn ha. Àwọn kan máa ń da omi gbígbóná lé e lórí, wọn á sì fi í sílẹ̀ títí á fi tutù. Ìyẹn náà ń ṣiṣẹ́, àmọ́ tí iná bá pọ̀ jù, hóró á kú. Sànpépà tẹ́ mi lọ́rùn jù.

Náílọ́ọ̀nù pure water ni mo fi ṣe ìkòkò. Mo lu ìdí rẹ̀, mo bu ilẹ̀ dúdú sí i pẹ̀lú ìgbẹ́ adìẹ díẹ̀ tó ti jẹrà dáadáa, mo sì fi hóró sí i láìrì í jìnnà. Kò pẹ́ tó fi hù. Ewé rẹ̀ máa ń pa pọ̀ lálẹ́, á tún là láàárọ̀, ẹ má rò pé òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́ kí ẹ wá fi omi pa á.

Nígbà tí òjò ti fìdí múlẹ̀, mo lọ́ ọ sí ẹ̀gbẹ́ kànga, níbi tí oòrùn ti ń ràn tí ilẹ̀ sì ń tutù. Ẹ fún un láyè o! Ó lè ga tó mítà 3 tàbí 4, ó sì máa ń fẹ̀, nítorí náà mítà 2 ni mo fi sáàárín wọn. Ẹbí ẹ̀wà ni lóòótọ́, àmọ́ kì í ní kókó wẹ́wẹ́ tí ẹ̀wà ń ní lára gbòǹgbò, torí náà kò ní bá yín sọ ilẹ̀ dọ̀tun fún àgbàdo.

Labalábá kan wà tí ń yé ẹyin sára ewé rẹ̀, kòkòrò aláwọ̀ ewé tó bá jáde níbẹ̀ á sì jẹ ẹ́ dé igi. Ọwọ́ ni mo fi ń ṣà wọ́n. Mi ò jẹ́ fín oògùn apakòkòrò sí ewé tí mo fẹ́ fi ra ọmọ lára.

Ewé tútù ni mo ń lò, torí inú rẹ̀ ni chrysophanic acid wà, èyí tó ń gbógun ti fungus tó ń fa làpálàpá. Lórílẹ̀-èdè Filipínì, níbi tí wọ́n ti ń pè é ní akapulko, ó wà lára ewé 10 tí iléeṣẹ́ ìlera ìjọba wọn fọwọ́ sí. Mímu ni mi ò dá lábàá fẹ́nikẹ́ni láìbi dókítà, torí ó máa ń mú kí èèyàn yàgbẹ́, kò sì yẹ aláboyún rárá.

Lẹ́yìn òdòdó, mo gé igi náà kù sí ìbàdí kó lè tún rúwé tuntun. Mo ti kọ́kọ́ já àwọn èso kí wọ́n tó gbẹ, kí hóró wọn má baà fọ́n káàkiri. Ní Ọsirélíà, èpò tí wọ́n ń bá jà ni, àgbàlá aládùúgbò mi kò sì tóbi.