Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń fi ẹ̀rọ 3D tẹ ohun ìlò ìwòsàn

Ẹ̀rọ 3D máa ń to nǹkan lé ara wọn ní ìpele-ìpele títí yóò fi di ohun tí a fẹ́. Ojú ló ń tan àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí jẹ. Nǹkan bá ti jọ etí, wọ́n á ní etí ló jáde nínú ẹ̀rọ.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ PLA, irú ike kan tí ẹ̀rọ yìí ń yọ́ láti fi tẹ nǹkan. Torí pé ara àgbàdo tàbí ìrèké ni wọ́n ti ń rí i, àwọn kan gbà pé kò lè pa ẹnikẹ́ni lára. Lóòótọ́, àwọn oníṣẹ́ abẹ ń fi irú ike yìí ṣe ìṣó tí wọ́n ń yí wọnú egungun, tó máa ń yọ́ bó bá pẹ́, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n dìídì ṣe fún ara ni. Èyí tí ẹ rà lọ́jà lè ní àwọ̀ àti èròjà mìíràn tí kò sí lára ohun tí wọ́n kọ sí páálí. Ẹ má fi kan ojú ọgbẹ́. Ẹ má sì gbé e sínú ẹ̀rọ tí ilé ìwòsàn fi ń se irinṣẹ́: ooru ibẹ̀ ń tó 121°C, PLA sì ti ń rọ̀ ní nǹkan bí 60°C. Èmi fúnra mi gbàgbé ìka àtọwọ́dá kan sínú ọkọ̀ lọ́sàn-án gangan; nígbà tí mo padà dé, ó ti ká kò bí ìwọ̀ ẹja. Fífọ̀ ọ́ lọ́ṣẹ nìkan kò tó, torí àlàfo wà láàárín ìpele kan sí èkejì, ibẹ̀ sì ni kòkòrò àrùn máa ń sá pamọ́ sí.

Ti resin, èyí tó jẹ́ olómi tí iná ń sọ di líle, kò gùn: ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ fọ̀ ọ́ nínú isopropyl alcohol, ẹ fi iná UV yan án títí yóò fi le. Èyí tí kò le dáadáa máa ń fa ara yíyún.

Àwọn tó ń po sẹ́ẹ̀lì alààyè mọ́ jẹ́ẹ̀lì láti fi tẹ ẹ̀yà ara ni mo fẹ́ bá wí jù. Kí ilà tí ẹ̀rọ ń tẹ̀ lè tín-ín-rín, wọ́n á lo abẹ́rẹ́ tí ihò rẹ̀ kéré jù, wọ́n á wá fi agbára tì í. Ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì tó gba ibẹ̀ kọjá ti fara pa. Bí wọ́n bá yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn wákàtí kan, àwọ̀ ewé tó ń fi èyí tó wà láàyè hàn ni wọ́n máa rí, ayọ̀ á ṣubú layọ̀. Ẹ dúró di ọjọ́ kejì, kí ẹ tún wò ó ní ọjọ́ keje. Gbogbo wọn kọ́ ló ń kú lójú ẹsẹ̀.

Wọ́n tún máa ń tẹ̀ ẹ́ nípọn jù. Níbi tí kò bá ti sí òpó ẹ̀jẹ̀, ọ́síjìn kì í rìn jinlẹ̀ ju nǹkan bí 0.2 mm lọ. Àárín á kú, ẹ̀gbẹ́ á máa dán. Nígbà tí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Tal Dvir àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Tel Aviv ní Israel tẹ ọkàn kékeré kan, tó tó ti ehoro, ní 2019, ariwo tó gba WhatsApp ni pé ọkàn títẹ̀ ti dé. Sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ ń sún kì, àmọ́ wọn ò tíì lè pawọ́ pọ̀ ti ẹ̀jẹ̀ jáde. Àwọn tó ṣe é fúnra wọn ló sọ bẹ́ẹ̀.

Ooru yàrá ńkọ́? Jẹ́ẹ̀lì tó ní gelatin máa ń dì bó bá tutù, a sì yọ́ bó bá gbóná. Ẹni tó pò ó láàárọ̀ lábẹ́ éésì, tí iná wá lọ lọ́sàn-án, kó má bú ẹ̀rọ: ohun tó dì láàárọ̀ ti domi nínú síríǹjì.