Ẹ wọn ìtọ̀ yín fún ọjọ́ mẹ́ta kẹ́ ẹ tó ní kíndìnrín ló ń yọ yín lẹ́nu

Èèyàn á tọ̀ léraléra fún ọ̀sẹ̀ kan, ohun tó máa kọ́kọ́ tẹnu ẹ̀ jáde ni "kíndìnrín mi ni o", á ti lọ ra oògùn tí wọ́n ní ó ń fọ kíndìnrín, bẹ́ẹ̀ tẹ́ ẹ bá bi í pé ìtọ̀ tó ń jáde lára ẹ̀ lóòjọ́ tó lítà mélòó, kò mọ̀. Nǹkan tí mo fẹ́ kọ síbí ò le rárá, bẹ́ ẹ ṣe máa wọn ìtọ̀ yín nílé tẹ́ ẹ ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ ni, àwọn dókítà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìtọ̀ náà máa ń ní kí aláìsàn lọ ṣe é. Torí ẹni tó ń tọ̀ ṣáá, ó lè jẹ́ pé ìtọ̀ tí kíndìnrín ń ṣe ló pọ̀ jù, ó sì lè jẹ́ pé àpò ìtọ̀ ni ò lè gbà á dúró. Ọ̀tọ̀ ni ìtọ́jú tàkọ́kọ́, ọ̀tọ̀ ni tèkejì.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Kíndìnrín méjì ló wà lápá ẹ̀yìn, ọ̀kan lọ́tùn-ún ọ̀kan lósì egungun ẹ̀yìn, ní ìsàlẹ̀ egungun ìhà, ọ̀kọ̀ọ̀kan ò fi bẹ́ẹ̀ ju ìkúùkù yín lọ. Asẹ́ kéékèèké tí wọ́n ń pè ní nephron tó nǹkan bíi mílíọ̀nù kan nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, àwọn ló ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀. Láàárín wákàtí 24 omi tí wọ́n ń sẹ́ látinú ẹ̀jẹ̀ máa ń tó lítà 180, ẹ ò ṣì í kà o, ọgọ́sàn-án lítà, wọ́n á wá dá gbogbo ẹ̀ pa dà sínú ẹ̀jẹ̀, ó ku lítà kan sí méjì péré tó máa di ìtọ̀. Lójú tèmi dídá a pa dà yẹn gan-an niṣẹ́. Họ́mọ́ọ̀nù kan tó ń tinú ọpọlọ wá, ADH, ló ń sọ fún kíndìnrín pé kó dá omi sí, tẹ́ ẹ bá ń sùn lóru ó máa ń pọ̀ sí i, ìdí nìyẹn tí ìtọ̀ àárọ̀ fi máa ń ki tó sì máa ń pọ́n. Ọtí máa ń dí họ́mọ́ọ̀nù yìí lọ́wọ́, ẹ̀yin náà ẹ ti rí bí ẹni tó mutí ṣe ń dìde lọ sí tọ́ílẹ̀tì.

Látinú kíndìnrín, páìpù tóóró méjì tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 25 sí 30 ló ń gbé ìtọ̀ lọ sínú àpò ìtọ̀, iṣan ara páìpù yẹn ló sì ń fún un lọ díẹ̀díẹ̀, torí ẹ̀ lẹni tó dùbúlẹ̀ gbalaja pàápàá ìtọ̀ ẹ̀ fi ń débi tó ń lọ. Àpò ìtọ̀ àgbàlagbà lè gbà tó 400 sí 600 mílílítà. Àmọ́ tó bá ti gba bíi 150 sí 200 ló ti ń ránṣẹ́ sí ọpọlọ pé nǹkan ti ń wọlé o. Iṣẹ́ tó kọ́kọ́ rán yẹn, ẹ lè dá a dúró, kò tíì sí wàhálà níbẹ̀.

Ó ya, ẹ wá ife ńlá tàbí jọ́ọ̀gì tí wọ́n kọ nọ́ńbà mílílítà sí lára, ẹ yà á sọ́tọ̀ pátápátá, kí ẹnikẹ́ni má fi mu omi mọ́. Ọjọ́ mẹ́ta ni, kò pọn dandan kó tẹ̀ léra, ó dáa kí ọjọ́ iṣẹ́ wà níbẹ̀ kí ọjọ́ ìsinmi náà wà níbẹ̀. Gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá tọ̀, ẹ kọ aago tó lù, ẹ kọ iye mílílítà, ẹ kọ bóyá ó kán yín lójú gan-an àbí ẹ kàn lọ bẹ́ẹ̀, ẹ kọ ọ́ tó bá dà sára. Gbogbo nǹkan olómi tẹ́ ẹ bá mu, ẹ kọ òun náà. Aago tẹ́ ẹ sùn àti aago tẹ́ ẹ jí, ẹ má gbàgbé ẹ̀ torí ibẹ̀ lọ̀pọ̀ ti ń ṣe é bàjẹ́: ìtọ̀ tẹ́ ẹ kọ́kọ́ tọ̀ lẹ́yìn tẹ́ ẹ jí láàárọ̀, ti òru ni, òru ló ṣe é, òru lẹ ó kà á mọ́. Ẹ má sì yí bẹ́ ẹ ṣe ń mu omi pa dà torí pé ẹ ń kọ ọ́ sílẹ̀, ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀ ara ẹ̀ ló ń tàn.

Tọ́jọ́ mẹ́ta bá pé, ẹ ro ti ọjọ́ kọ̀ọ̀kan pọ̀. Tó bá ju lítà 3 lọ ní wákàtí 24, ọ̀rọ̀ àpò ìtọ̀ kọ́ nìyẹn, ẹ wo ohun tẹ́ ẹ mu, bóyá omi lẹ ń mu jù. Tí kì í bá ṣe omi, ẹ lọ ṣe tẹ́ẹ̀sì ìtọ̀ ṣúgà kíákíá, torí tí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ bá ti ju nǹkan bíi 180 mg/dL lọ, kíndìnrín ò ní lè dá gbogbo ẹ̀ pa dà mọ́, ṣúgà á bọ́ sínú ìtọ̀, á sì fa omi tẹ̀ lé ara ẹ̀, òùngbẹ á wá máa gbẹ èèyàn. Àmọ́ tí gbogbo ẹ̀ bá jẹ́ lítà kan ààbọ̀ péré tó jẹ́ pé ìgbà 15 lẹ tọ̀ ọ́, 100 mílílítà níbí 100 mílílítà lọ́hùn-ún, kíndìnrín ò jẹ yín ní gbèsè kankan, àpò ìtọ̀ ni. Tó bá ń ta yín nígbà tẹ́ ẹ bá ń tọ̀, kòkòrò àrùn ló ṣeé ṣe kó wọlé, èyí sì wọ́pọ̀ lára obìnrin torí ojú ọ̀nà ìtọ̀ tiwọn ò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 4 lọ nígbà tí tọkùnrin ń lọ sí 20. Ọkùnrin tó ti dàgbà, tí ìtọ̀ ẹ̀ ń jáde tín-ín-rín, tó ń dúró pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀, pròsítéètì ló yẹ kó lọ yẹ̀ wò, ẹ̀yà ara kékeré kan tí ọkùnrin ní lábẹ́ àpò ìtọ̀ ni, àárín ẹ̀ gan-an ni ọ̀nà ìtọ̀ gbà kọjá, tó bá wú á fún ọ̀nà pọ̀.

Ti òru lọ̀pọ̀ àgbàlagbà ń pariwo lé lórí jù. Ẹ wò ó bóyá ìtọ̀ òru ju ìdá kan nínú mẹ́ta gbogbo ìtọ̀ ọjọ́ yẹn lọ. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ wo ẹsẹ̀ yín nírọ̀lẹ́, tó bá máa ń wú, omi tó dúró sẹ́sẹ̀ lójúmọmọ ló ń pa dà sínú ẹ̀jẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ dùbúlẹ̀, kíndìnrín sì ń yọ ọ́ dànù. Kẹ́ ẹ gbé ẹsẹ̀ sókè fúngbà díẹ̀ lọ́sàn-án máa ń ran èèyàn lọ́wọ́, àmọ́ ẹ rí dókítà, ọkàn lè lọ́wọ́ nínú ẹ̀.

Tí wọ́n bá ti yẹ̀ yín wò tí kò sí kòkòrò kò sí ṣúgà, ẹ lè kọ́ àpò ìtọ̀ yín. Tó bá jẹ́ wákàtí kọ̀ọ̀kan lẹ ń lọ, ẹ fi ìṣẹ́jú 15 kún un, tó bá ti mọ́ yín lára lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan ẹ tún fi 15 kún un, títí á fi di wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin. Tó bá kán yín lójú lójijì ẹ má sáré, ẹ dúró sójú kan, ẹ fún iṣan tẹ́ ẹ fi ń dá ìsó dúró yẹn pọ̀, á rọlẹ̀. (Ẹ má máa fi dídá ìtọ̀ dúró láàárín méjì ṣe eré ìdárayá o, àpò ìtọ̀ ò ní máa gbẹ tán.)

Àwọn nǹkan kan wà tí kò gba ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ̀jẹ̀ nínú ìtọ̀, kódà kó jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan, kódà kó má dun yín, ọsibítù ni. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ tọ̀ tí kò jáde tí ìsàlẹ̀ ikùn ń dùn, ọsibítù lójú ẹsẹ̀. Tí ìtọ̀ gbogbo ọjọ́ kan ò bá tó 400 mílílítà, bákan náà. Oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ rifampicin máa ń jẹ́ kí ìtọ̀ pupa bí ọsàn, ìyẹn ò léwu.

Kíndìnrín tó ń bàjẹ́ gan-an kì í sábà pariwo, ẹni náà lè máa tọ̀ dáadáa fún ọdún púpọ̀, ife ò lè rí ìyẹn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ìtọ̀ ṣúgà, tẹ́ẹ̀sì creatinine nínú ẹ̀jẹ̀ (ìdọ̀tí kan tó yẹ kí kíndìnrín máa yọ kúrò) àti tẹ́ẹ̀sì puròtíìnì nínú ìtọ̀ lẹ máa bèèrè. Tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ mú ìtọ̀ wá nítorí kòkòrò, ẹ fọwọ́, ẹ fọ ojú ibẹ̀, ẹ jẹ́ kí tàkọ́kọ́ lọ sínú tọ́ílẹ̀tì, àárín lẹ máa gbà sínú ike tí wọ́n fún yín, kẹ́ ẹ dé e pa, kó dé láàbù láàárín wákàtí kan, tí kò bá ní lè tètè dé ẹ gbé e sínú fíríìjì.