Ẹ lẹ orúkọ yín mọ́ àpótí lẹ́tà o

Ẹ̀yin èèyàn wa ní Yaba àti Surulere tẹ́ẹ̀ ń múra àtilọ Jámánì, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbọ́ èyí kẹ́ẹ tó wọ bàálù. Tẹ́ẹ bá ti kó wọlé síbi tẹ́ẹ máa gbé, ọ̀sẹ̀ 2 lẹ ní láti fi lọ forúkọ sílẹ̀ ní Bürgeramt, ìyẹn ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ àdúgbò yín, Anmeldung ni wọ́n ń pe ìforúkọsílẹ̀ yẹn, ẹ sì máa mú ìwé dání látọ̀dọ̀ lándílọ́ọ̀dù pé lóòótọ́ lẹ ń gbé ilé ẹ̀, torí náà ẹ bi í kẹ́ẹ tó sanwó kankan, tó bá lóun ò ní fún yín, ẹ wá ibòmíì.

Èyí táwọn èèyàn kì í sábà sọ ni ti àpótí lẹ́tà. Ọ̀pọ̀ fúláàtì níbẹ̀ ò ní nọ́ńbà, orúkọ lẹni tó ń pín lẹ́tà ń wò, kò ní pè yín lórí fóònù bíi àwọn díspáàṣì Èkó pé òun ti wà ní Ojúẹlẹ́gba. Tí ò bá rórúkọ yín, lẹ́tà lè padà síbi tó ti wá, bẹ́ẹ̀ lẹ́tà ni wọ́n fi ń fi nọ́ńbà owó orí ránṣẹ́. Tẹ́ẹ bá lọ bá ẹnì kan gbé, ẹ lẹ tiyín mọ́ tiẹ̀ lọ́jọ́ tẹ́ẹ bá dé gan-an, kódà kó jẹ́ bébà àti sẹ́lótéèpù.