Bí ẹ ṣe lè fẹsẹ̀ tọ rélùwéè àtijọ́ ní Bukuru

Bí ẹ bá ń bọ̀ wá tọ ipa rélùwéè àtijọ́ ní Bukuru, ìlú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Jos, ohun àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ kí ẹ fi sápò ni téèpù télọ̀. Ìyá mi ránṣọ fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Bukuru, téèpù rẹ̀ kan tí nọ́ńbà ara rẹ̀ ti ń pa ló wà lọ́wọ́ mi títí dòní. Òun ni mo fi ń mọ rélùwéè tí mo dúró tì, nítorí méjì ló wọ ìlú yìí.

Kékeré ló kọ́kọ́ dé. Láti Zaria ni wọ́n ti là á wá nítorí kuza, ìyẹn tánńganran, tí wọ́n ń wà lórí òkè Jos, ó sì dé Bukuru ní 1914. Ínǹṣì 30 péré ló wà láàárín irin rẹ̀ méjèèjì. Ńlá tó gba Kafanchan wá ló tẹ̀lé e, ínǹṣì 42 ni tirẹ̀, bíi ti rélùwéè àtijọ́ tó ti Èkó lọ Kano. Ní 1957 ni wọ́n pa kékeré tì. Òun ló gbé bàbá mi láti Zaria wá síbí nígbà tó kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́ wá ṣòwò. Títí tó fi kú, bó bá gbọ́ fèrè ọkọ̀ ojú irin, á dákẹ́ díẹ̀ kó tó máa bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Mi ò fẹ́ kí ipa rélùwéè náà parẹ́ mọ́ wa lójú.

Ẹ wá láàárín ìparí oṣù kẹwàá sí oṣù kejìlá, nígbà tí òjò ti dá tí koríko sì ti ń gbẹ. Ẹ mú súwẹ́tà dání: ibí ga ju 1,200 mítà lọ, ọyẹ́ ibẹ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ ti Ìbàdàn. Bàtà tó bo ẹsẹ̀ ni kí ẹ wọ̀. Kí ẹ tó jáde, ẹ bi àwọn ará ọjà bí ọ̀nà ṣe rí lọ́sẹ̀ náà. Bí wọ́n bá ní kí ẹ má lọ, ẹ má lọ.

Aago méje àárọ̀ ni kí ẹ ti mu kúnú tán, kí ẹ sì kọjú sí apá Jos. Ilé ti bo púpọ̀ nínú ipa rélùwéè kékeré, ojú ni ẹ ó fi wá a. Ẹ́ńjìnnì ò lè gun òkè tó dúró ṣánṣán; nítorí náà, níbi tí ilẹ̀ bá ti jìn, wọn a kó yẹ̀pẹ̀ dí i, níbi tó bá ti yọ gegele, wọn a gé e. Bí ẹ bá rí ebè gbọọrọ kan láàárín oko pòtétò tí kì í ròkè tí kì í rodò, ẹ dúró. Ẹ wo ilẹ̀ dáadáa. Òkúta fífọ́ tó mú létí, tí kò jọ òkúta pupa tó wà láyìíká, jẹ́ àmì kan pé rélùwéè gba ibẹ̀. Òmíràn ni nǹkan dúdú fúyẹ́ tó ní ihò wẹ́wẹ́ bí ìdàrọ́ ilé alágbẹ̀dẹ: ohun tó ṣẹ́kù nínú iná ẹ́ńjìnnì ni.

Ẹ tún máa wo orí gọ́tà lẹ́nu ọ̀nà àwọn èèyàn. Irin pẹlẹbẹ tí wọ́n ń tẹ́ ní ìdábùú sábẹ́ ojú irin ni àwọn kan fi ṣe afárá. Ẹ kí onílé, kí ẹ tọrọ àyè, kí ẹ wá na téèpù láti etí ibi tí irin kan ti jókòó dé ti èkejì. Tó bá sún mọ́ 30, ti kékeré ni. Tó bá sún mọ́ 42, ti ńlá ni. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ rí 30, ńṣe ni mo jókòó sórí gọ́tà yẹn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jìnnà sí adágún tí àwọn awakùsà fi sílẹ̀. Omi rẹ̀ a máa dán bí aró, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ a máa ya lójijì. Ọmọ ọdún méjìlá ni mí nígbà tó ya mọ́ mi lẹ́sẹ̀. Aṣọ mi ni àbúrò mi dì mú.

Tí ẹ bá padà sí ìlú, láti ìdíkọ̀ rélùwéè Bukuru ni kí ẹ ti tọ rélùwéè ńlá lọ sí Kuru, ìrìn wákàtí méjì sí mẹ́ta. Ẹ̀gbẹ́ irin ni kí ẹ máa rìn, kì í ṣe àárín rẹ̀, bí koríko tiẹ̀ ti hù níbẹ̀. Ẹ má tẹ àchà olóko, ọkà wẹ́wẹ́ kan tí wọ́n ń gbìn níbí, mọ́lẹ̀, ẹ sì máa kí àwọn olóko: “Sannu da aiki” ni ẹ kú iṣẹ́ lédè Hausa. Ní Kuru ni ẹ ó ti rí ibi tí ojú irin ti yà, èyí tó gba Bauchi àti Gombe dé Maiduguri ní 1964. Ẹ wá mọ́tò padà kí oòrùn tó wọ̀.